Ìtàn Ìkọ̀sílẹ̀ Kì í Ṣe Lámèyítọ́: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Tí Ń Kọ̀wé Lórí Orin

Sí àwọn alámèyítọ́ orin àti àwọn olótùú tí ń tẹ iṣẹ́ wọn jáde,

Àṣà kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tí ń kọ̀wé lórí rọ́ọ̀kì pẹ̀lẹ́ ti àwọn ọdún 1970, ìyẹn ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì tí ó dín ariwo gìtá kù, tí ó sì fi ohùn àwọn akọrin tí ó bára mu ṣáájú: ìròyìn nípa ilé àti ìfẹ́ àwọn akọrin ti gba ipò tí ó yẹ kí etí wà. Àwo Rumours, tí ẹgbẹ́ Fleetwood Mac gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 1977, ni èyí ti hàn jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ àròkọ tí a pè ní èsì ìgbọ́ràn, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí orin ṣe nínú ẹni tí ó gbọ́ ọ, kò sọ ju ẹni tí ó kọ ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ lọ.

Lẹ́tà yìí kò sọ pé irọ́ ni ìtàn náà. Nígbà tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Record Plant ní Sausalito, ìpínlẹ̀ California, ní ọdún 1976, láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ márààrún náà, ìgbéyàwó Christine McVie àti John McVie ti tú ká, àárín Stevie Nicks àti olólùfẹ́ rẹ̀ Lindsey Buckingham kò gún mọ́, ilé Mick Fleetwood pàápàá kò sì tòrò. Ọ̀rọ̀ inú orin "Go Your Own Way", tí Buckingham kọ, fi ìjà òun àti Nicks hàn, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí a má mẹ́nu kàn án. Síbẹ̀, àìmọye akọrin ni wọ́n ti bá olólùfẹ́ wọn tú ká tí àwo wọn kò sì dùn létí, nítorí náà ìkọ̀sílẹ̀ nìkan kò lè ṣàlàyé adùn àwo yìí, tí ó lo ọ̀sẹ̀ 31 ní ipò kìíní lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà.

Orin "Dreams", tí Nicks kọ, jẹ́ ẹ̀rí tí ó tó. Kọ́ọ̀dù ni a ń pe ohùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, méjì péré nínú irú rẹ̀ ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn láìjẹ́ kí etí dé ibi ìsinmi tí ó ń retí. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Buckingham rí yóò mọ̀ lára pé ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò tíì parí. Ṣùgbọ́n alámèyítọ́ tí ó ti ka ìtàn tán yóò gbé gbogbo ìbànújẹ́ náà lé ohùn Nicks lórí, yóò sì fo gìtá béèsì John McVie àti ìlù Fleetwood, tí wọn kò yẹsẹ̀ lójú kan náà, tí ìdúróṣinṣin wọn sì ń mú kí àìbalẹ̀ ọkàn akọrin túbọ̀ hàn.

Àṣà yìí tún ń bo làálàá mọ́lẹ̀, nítorí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ken Caillat àti Richard Dashut, tí wọ́n bá ẹgbẹ́ náà darí ìgbohùnsílẹ̀, rí i pé téèpù tí wọ́n ti lù ní àlùtúnlù ti ń ṣá, tí ohùn ìlù sì ń kú lórí rẹ̀, ó sì di dandan kí a fi etí àti ọwọ́ mú ẹ̀rọ méjì rìn pọ̀ kí wọ́n lè gba ohùn ìlù láti orí ẹ̀dà kejì. Fún "Songbird", wọ́n gbé iṣẹ́ lọ sí gbọ̀ngàn Zellerbach ní Yunifásítì California ní Berkeley, kí ìró gbọ̀ngàn náà lè wọ inú píánò Christine McVie. "The Chain" ni wọ́n gé, tí wọ́n sì so láti ara àwọn àjákù orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ àwọn márààrún sì wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé.

Àwọn kan yóò wí pé èsì ìgbọ́ràn jẹ́ ti ara ẹni, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bá olùgbọ́ jiyàn lórí rẹ̀. Lóòótọ́, kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ ohun tí ọkàn ẹlòmíràn yóò gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé orin kan mi òun jẹ òǹkàwé ní gbèsè láti tọ́ka sí ibi tí ó ti mi òun, bóyá ibi tí "The Chain" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, tí gìtá béèsì sì tún gbé e dìde. Bí ó bá tọ́ka síbẹ̀, òǹkàwé lè fi etí ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó gbà tàbí kí ó kọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ lẹ́tà yìí sí àwọn olótùú ni pé kí wọ́n yọ gbogbo gbólóhùn tí ó jẹ mọ́ ìfẹ́ àti ìkọ̀sílẹ̀ kúrò nínú àròkọ tí ó bá dé ọwọ́ wọn, kí wọ́n sì ka ìyókù. Bí ìyókù náà kò bá ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gbọ́ ohun kan nínú àwo náà tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́.