Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni katapílà

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa: ẹ̀rọ ńlá wo la rí lójú títì tá ò kì í pè ní katapílà? Èyí tó ń walẹ̀, katapílà. Èyí tó ń ti yẹ̀pẹ̀, katapílà. Kódà èyí tó ń tẹ ọ̀dà mọ́lẹ̀! Bẹ́ẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni Caterpillar, láti 1925. Kòkòrò tó ń wọ́ nílẹ̀ ni wọ́n fi sọ orúkọ náà, nítorí ṣéènì tí ẹ̀rọ wọn fi ń rìn.

Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó ń bí mi nínú ni "ọ́ìlì." Ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ọ́ìlì ń jò o." Ọ́ìlì wo? Tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá kán sílẹ̀, tó sì ti tutù, àkísà ti tó o. Ọ́ìlì hydraulic ò gba irú eré bẹ́ẹ̀.

Òun ló ń gbé apá excavator. Pọ́ǹpù á tì í gba inú hóòsì lọ sínú silíńdà, ìyẹn páìpù nípọn tó ní ọ̀pá dídán nínú. Bí ọ́ìlì bá ṣe ń ti ọ̀pá yẹn síta ni apá ẹ̀rọ ń gbéra. Agbára tó wà nínú hóòsì yẹn lè tó 350 bar. Ti táyà mọ́tò kékeré ò ju nǹkan bíi 2 bar lọ.

Wá wò ó kí irú hóòsì bẹ́ẹ̀ lu ihò tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ohun tó ń tú jáde lè dà bí ìrì lásán lójú, síbẹ̀ ó lè gún awọ ara wọlé. Ojú ibẹ̀ lè má ju ibi tí èèrà já jẹ lọ, ó tiẹ̀ lè má kọ́kọ́ dunni. Àmọ́ ọ́ìlì ti wọnú ẹran. Tí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ìka tàbí odindi ọwọ́ lè bá a lọ.

Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ kan tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ń jò kiri lára hóòsì, ẹ́ńjìnnì sì ń dún lọ́wọ́. Mo figbe ta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì lásán mà ni." Lásán kẹ̀! Páálí tàbí pákó ni wọ́n fi ń wá a, kì í ṣe ọwọ́. Tó bá sì di àtúnṣe, wọ́n á sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á tú agbára tó ṣẹ́ kù nínú hóòsì sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan.

Àwọn kan á ní òyìnbó ìwé nìyẹn, pé iṣẹ́ ni ká mọ̀, kì í ṣe orúkọ. Mi ò gbà. Kí ọ̀gá tó fún ọmọ iṣẹ́ ní sípánà, kó kọ́kọ́ dárúkọ ọ́ìlì méjèèjì fún un. Tó bá wù ú, kó pè é ní "ọ́ìlì apá," kò kàn mí. Kó ṣáà má fún un ní orúkọ kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń fi àkísà nù.