Ẹ̀jẹ̀ ríru: Ẹ yé di ẹ̀bi ru àwọn baba ńlá wa

Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ṣubú lulẹ̀ lójijì, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́, ohun tí àwọn èèyàn wa sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn ayé ló ṣe é. Àwọn mìíràn á ní ó wà nínú ìdílé wọn, pé bó ṣe mú bàbá náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ló ń ṣe ìpalára fún wa, nítorí pé ẹni tó bá ti gbà pé ọ̀tá ló ń ṣe òun, tàbí pé àjogúnbá ni, kò ní rí ìdí tó fi yẹ kí òun lọ yẹ ìfúnpá òun wò. Èrò tiwa ni pé ó tó àkókò kí a jáwọ́ nínú àwáwí yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwádìí sọ. Láwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Loyola tó wà ní agbègbè Chicago, ní Amẹ́ríkà, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbàlagbà ní Igbó-Ọrà nílẹ̀ Ìbàràpá, ní Cameroon, ní erékùṣù Jamaica, St. Lucia àti Barbados, àti ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Ìran kan náà ni wọ́n, nítorí pé láti apá ibí yìí ní Áfíríkà ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá àwọn tó wà lókè òkun lẹ́rú. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 1997, ó hàn pé nínú 100 èèyàn, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù náà, 33 sì ni ní Amẹ́ríkà.

Bó bá jẹ́ pé inú ìran nìkan ló ti wá, iye wọn kò bá má jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ìgbé ayé: bí èèyàn ṣe sanra sí, bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú oúnjẹ, àti bí a ṣe ń lo ara. Ní 2005, ìwádìí mìíràn tún fi hàn pé àwọn òyìnbó ilẹ̀ Jámánì ní ẹ̀jẹ̀ ríru ju àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ. Òótọ́ ni pé àwọn ìdílé kan wà tí àrùn yìí máa ń tètè mú wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló yẹ kó mú ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ṣọ́ra ju ẹlòmíràn lọ.

Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó tó papòdà ní 2020, ló ṣáájú ìwádìí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lórí àwọn àrùn tí kì í ràn. Àbọ̀ rẹ̀ tó jáde ní 1997 sọ pé nǹkan bí 11 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Òṣùwọ̀n tí wọ́n lò nígbà náà, 160 lórí 95, ga ju 140 lórí 90 tí àwọn dókítà ń lò lónìí. Àkójọ ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2021, tó lo òṣùwọ̀n tòní, fi í sí nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́ta. A kò kúrò nílé, àmọ́ a ti bá àwọn ará Maywood níbi tí wọ́n wà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó wá sí Ìfàkò-Ìjàyè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé Ògbà, Ìjú, Fágbà àti Ọbáwọlé ló jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ tí òbí wọn ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Àwọn ọmọ náà ń jí lójú òru láti wọ dánfó, wọ́n á jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n á tún jókòó níbi iṣẹ́. Búrẹ́dì Agége àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni oúnjẹ ọ̀sán. Alẹ́ á lẹ́ kí wọ́n tó padà sílé jẹun, wọ́n á sì sùn lé e lórí. Ìyá tó ń tajà nínú ìsọ̀ kò yàtọ̀. Orí àga ni ọjọ́ ń ṣú u sí.

A kò ní di gbogbo ẹrù yìí lé mẹ̀kúnnù lórí o. Níbo ni ìyá àgbà yóò ti rìn, nígbà tí ọkọ̀, ọ̀kadà àti àwọn tó ń pàtẹ ọjà ti gba ẹ̀gbẹ́ títì? À ń ké sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìfàkò-Ìjàyè pé kí wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí ó sì wà fún ẹlẹ́sẹ̀ lóòótọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó fagi lé ìmọ́tótó àyíká olóṣooṣù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì láàárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, nítorí pé ọkọ̀ kì í pọ̀. Kí ló dé tí a kò lè ti àdúgbò kan pa fún wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí tọmọdé tàgbà jáde ṣe eré ìdárayá? Kí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé sì máa gbé ẹ̀rọ ìwọnfúnpá lọ sí ọjà, láìgba kọ́bọ̀. Èyí kò wọ́n tó ìtọ́jú ẹnì kan tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó ṣe tiwọn, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lo ara lọ́sẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó. Ẹni tó ń wọ rélùwéè ní Ìjú tàbí Agége lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibùdó. Ẹ̀yin òbí wa lábúlé, bí oko kò bá jìnnà, ẹ jẹ́ kí ọ̀kadà máa lọ. Ẹni tí àyà bá ń dùn, tàbí tí èémí rẹ̀ ń tètè já, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Àjọ yìí kan náà ní kí iyọ̀ tí èèyàn ń jẹ lójúmọ́ má tó ṣíbí ìrotíì kan, iyọ̀ tó wà nínú màgí àti búrẹ́dì sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń fi màgí mẹ́rin sọbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ nípa fífi méjì sè é, kó fi irú àti edé dí i.

Ẹ má gbìyànjú láti yí gbogbo ìwà padà lọ́jọ́ kan. Ìwádìí kan ní University College London, tó jáde ní 2010, fi hàn pé nǹkan bí ọjọ́ 66 ni àṣà tuntun fi ń mọ́ èèyàn lára, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: lẹ́yìn ìrun àárọ̀ tàbí àdúrà ìdílé, ẹ rìn. Bí ẹ bá gbàgbé lónìí, ẹ ṣe é lọ́la.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ lọ yẹ ìfúnpá yín wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn títí tí yóò fi ṣọṣẹ́. Bí dókítà bá kọ oògùn fún yín, ẹ má jáwọ́ nínú lílò ó nítorí pé ara ti yá. Oògùn náà ló mú kí ara yá. Àwọn baba ńlá wa kò fi àrùn yìí ṣe ogún fún wa. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, àwa la kò lò ó.