Béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: Àwọn ọmọ tí wọ́n ń wá káàkiri, ta ló ń gbèjà wọn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńláńlá nílẹ̀ Amẹ́ríkà dì mú, tí wọ́n fi ń rán èèyàn káàkiri láti máa wá àwọn ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń torí ẹ̀ wá wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá o. Béésíbọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù kékeré tó le koko, tí ẹnì kan máa ń jù, tí ẹlòmíì á sì fi igi gbá a lọ réré.

Lóòótọ́, eré yìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lára àwọn eré tí wọ́n ṣe níbi ìdíje All Africa Games tó wáyé ní Abuja lọ́dún 2003. Ṣùgbọ́n ọmọ kan tí wọ́n bí sí ìlú Èkó, tó sì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ti tọ ọ̀nà náà. Demi Orimoloye ni. Ọdún 1997 ni wọ́n bí i, ọmọ ọwọ́ ló wà tí àwọn òbí rẹ̀ fi kó lọ sí Kánádà. Lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers mú un, nígbà tó sì di 2018, wọ́n gbé e fún Toronto Blue Jays. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, líìgì kékeré ló wà ní gbogbo àsìkò tó fi wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì, kò dé líìgì ńlá. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ eré ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ló ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá gba ọ̀nà yìí, tirẹ̀ gan-an tún sàn, nítorí pé àwọn mìíràn wà tí kò ní òbí tó lè gbé wọn dúró bí nǹkan kò bá bọ́ sí i.

ÀWỌN ARÁ AMẸ́RÍKÀ Ń PÈ É NÍ OKO

Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì ńlá béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Lábẹ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ kéékèèké mẹ́rin wà, tí wọ́n to ara wọn lé ara wọn bí àkàbà. Single-A ló wà nísàlẹ̀, High-A tẹ̀ lé e, Double-A tún tẹ̀ lé ìyẹn, Triple-A ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà líìgì ńlá. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìgbaradì tó wà ní Florida àti Arizona, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ lé àkàbà náà rárá. Ó lè gba ọmọ lọ́dún mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó débi tó ń lọ, bó bá máa débẹ̀.

Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún ètò yìí ni oko. Branch Rickey, tó ń darí ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ẹgbẹ́ Cardinals kò lówó tí wọ́n fi lè bá àwọn olówó du agbábọ́ọ̀lù tó ti gbó, ni Rickey bá ní kí wọ́n máa gbin tiwọn láti kékeré. Àgbẹ̀ tó bá ti gbin kòkó rí á mọ ohun tó ń wí. Irúgbìn tí wọ́n ń tọ́jú sí ìdí omi máa ń pọ̀ ju èyí tí wọ́n máa kó lọ sóko, nítorí pé àgbẹ̀ mọ̀ pé àwọn kan máa kú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ èèyàn kì í ṣe kòkó.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù 26 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń lò ní líìgì ńlá fún èyí tó pọ̀ jù nínú sáà. Bí a bá sọ ọ́ di ọ̀nà 30, ààyè 780 péré nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2024, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti ní tó agbábọ́ọ̀lù 165 ní líìgì kékeré tó wà ní Amẹ́ríkà, èyí tó jẹ́ pé ó lè tó 4,950 lápapọ̀. Gbogbo wọn ló ń wo ààyè 780 yẹn, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò sì fẹ́ dìde.

Oko náà tún ti ń kéré sí i. Ẹgbẹ́ kéékèèké 160 ló wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2021 máa fi bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ líìgì ńlá ti dín wọn kù sí 120. Ètò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní draft, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń tò tẹ̀ léra láti yan àwọn ọmọ tó ń jáde ní ilé ìwé, máa ń yí po nígbà 40 títí di 2019. Láti 2021, ìgbà 20 ló kù sí. Bí wọ́n bá ń ṣe é bíi ti àtijọ́, Mike Piazza tí wọ́n mú ní ìyípo kejìlélọ́gọ́ta lọ́dún 1988, tó padà wọ ilé àwọn akọni eré náà lọ́dún 2016, rí ààyè gbà. Lóde òní, kò sí ìyípo tó lè dé ọ̀dọ̀ irú rẹ̀ mọ́.

OJÚ TÍ WỌ́N FI Ń WO ỌMỌ

Àwọn aṣàwárí tí ẹgbẹ́ ń rán jáde ní ohun márùn-ún tí wọ́n ń wò lára ọmọ tó ń di igi mú: bó ṣe ń rí bọ́ọ̀lù bà, bó ṣe ń gbá a jìnnà tó, bó ṣe ń sáré, bó ṣe ń mú bọ́ọ̀lù àti bí apá rẹ̀ ṣe le tó. Wọ́n á ní kó sá 60 yáàdì, wọ́n á fi aago ka á. Ọmọ tó bá jẹ́ ajubọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi wọn bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe ń yára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní máàkì, láti 20 títí dé 80. Lóde òní, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ti dá sí i, débi pé wọ́n ń ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń yí lójú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀.

Síbẹ̀, igi tí a bá fojú rénà ṣì ń gún wọn lójú. Ọmọ ọdún 16 ni José Altuve nígbà tó lọ síbi ìdánwò tí ẹgbẹ́ Houston Astros ṣe nílùú Maracay, lórílẹ̀-èdè Venezuela. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó kúrú jù, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Bàbá rẹ̀ ló ní kó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání, wọ́n sì gbà á láyè. Lọ́dún 2007, dọ́là 15,000 péré ni wọ́n fún un láti fọwọ́ síwèé. Lọ́dún 2017, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní American League, nígbà tó sì di 2018, ẹgbẹ́ kan náà bá a ṣe àdéhùn tuntun tó jẹ́ mílíọ̀nù 151 dọ́là.

Irú ìtàn yìí ló ń mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí tálákà máa ti ọmọ wọn lọ sí pápá. Ìtàn àwọn tí wọ́n dá padà kì í wọ ìwé ìròyìn.

OWÓ LÓRÍ KÒKÓ TÓ ṢÌ WÀ LÓDÒDÓ

Dominican Republic ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù. Orílẹ̀-èdè náà àti Haiti ló jọ pín erékùṣù kan. Nígbà tí sáà 2024 bẹ̀rẹ̀, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ tó wà ní líìgì ńlá jẹ́ 108, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́yìn Amẹ́ríkà tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Los Angeles Dodgers kọ́ akádẹ́mì ńlá kan síbẹ̀ lọ́dún 1987, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn, ó sì ti di pé gbogbo ẹgbẹ́ 30 ló ní tiwọn níbẹ̀.

Òfin draft kò kan àwọn ọmọ Dominican. Bí ọmọ bá ti pé ọdún 16, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ lè fún un lówó kó fọwọ́ síwèé. Kí ọmọ tó dé ibẹ̀, ọwọ́ àwọn kan tí wọ́n ń pè ní buscón ló máa ń wà. Buscón ló ń kọ́ ọmọ leré, ló ń bọ́ ọ, nígbà mìíràn ilé rẹ̀ ni ọmọ ń sùn. Bí owó bá dé, ó lè mú ìdá mẹ́ta rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ bàbá fún ọmọ tí kò ní bàbá. Àwọn mìíràn kò yàtọ̀ sí alárobọ̀ tó ń dúró de àgbẹ̀ lójú ọ̀nà.

Èyí tó burú jù ni pé wọ́n kì í dúró kí ọmọ pé ọdún 16. Àwọn ẹgbẹ́ ti máa ń bá buscón fẹnu kò láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní ọmọ ọdún 13 tàbí 12, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sanwó lórí kòkó tó ṣì wà lódòdó. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Bí ọmọ bá farapa, tàbí tí kò ga tó bí wọ́n ṣe rò, ẹgbẹ́ lè yẹ àdéhùn, kò sì síbi tí òbí lè fẹjọ́ sùn. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ti fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló tún tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún 16 tó ń ju bọ́ọ̀lù kíkankíkan, owó ńlá ló wà níbẹ̀. Ẹni ọdún 19 tó ń ju irú rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yá ìwé ọjọ́ ìbí onílé. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Fausto Carmona ti ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Cleveland ní líìgì ńlá fún ọdún mélòó kan kí ọwọ́ ọlọ́pàá tó tẹ̀ ẹ́ ní Santo Domingo lóṣù January 2012. Roberto Hernández ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ó sì fi ọdún mẹ́ta ju iye tó ń pè lọ.

Ẹ̀bi kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn tálákà nìkan. Lọ́dún 2017, àṣírí tú pé ẹgbẹ́ Atlanta Braves ti rú òfin lórí owó tí wọ́n fi ń mú ọmọ láti òkè òkun. Àwọn aláṣẹ gba ọmọ tó lé ní mẹ́wàá kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lé John Coppolella, tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, kúrò nínú eré náà títí láé, kí wọ́n tó dá a padà lọ́dún 2023.

ÀWỌN TÓ LẸ́NU TI SỌ̀RỌ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó wà ní líìgì kékeré pàápàá ń jìyà ní Amẹ́ríkà. Títí di 2020, ẹni tó wà ní Single-A kò ní ju dọ́là 290 lọ lọ́sẹ̀, àsìkò tí ìdíje bá ń lọ lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n sì ń san án. Àwọn ọmọ á kó ara wọn jọ sínú yàrá kan, wọ́n á tẹ́ ibùsùn onífẹ́ẹ́fẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 2014, Aaron Senne àti àwọn kan tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì kékeré gbé àwọn aláṣẹ lọ sílé ẹjọ́. Lọ́dún 2018, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tó yọ agbábọ́ọ̀lù líìgì kékeré kúrò lára àwọn tí òfin owó oṣù dáàbò bò dáadáa. Síbẹ̀, ẹjọ́ náà kò kú. Lọ́dún 2022, àwọn aláṣẹ gbà láti san mílíọ̀nù 185 dọ́là.

Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lóṣù September ọdún kan náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì kékeré dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gbèjà àwọn ti líìgì ńlá. Nígbà tó di March 2023, wọ́n ṣe àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún. Owó ẹni tó wà ní Triple-A kúrò ní dọ́là 17,500 lọ́dún, ó di 35,800. Ti Single-A kúrò ní 11,000, ó di 26,200. Àwọn ẹgbẹ́ sì ti ń pèsè ilé fún ọ̀pọ̀ wọn láti 2022. Ṣùgbọ́n nǹkan kì í dáa kó má kù síbì kan: àdéhùn kan náà ló jẹ́ kí wọ́n dín agbábọ́ọ̀lù kù láti 180 sí 165 lábẹ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Owó pọ̀ sí i, ààyè dín kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kù sí nìyí: àdéhùn yẹn kò kan àwọn ọmọ tó wà ní akádẹ́mì Dominican Republic. Àwọn tó kéré jù lọ́jọ́ orí, tí wọ́n tálákà jù, tí wọ́n jìnnà sí agbẹjọ́rò jù, ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

KÍ LÓ KÀN?

Lọ́dún 2022, àwọn aláṣẹ líìgì fẹ́ kí draft kan àwọn ọmọ òkè òkun náà. Wọ́n ní ìyẹn ló máa fòpin sí fífẹnu kò lórí ọmọ ọdún 12. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ ọ́ lóṣù July. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ọmọ Dominican ní owó tó ń wọlé fún àwọn ọmọ ni yóò dín kù, àwọn kan sì ń tọ́ka sí Puerto Rico, tí wọ́n ní béésíbọ́ọ̀lù ibẹ̀ rẹ̀yìn lẹ́yìn tí wọ́n kó o sínú draft ní nǹkan bí ọdún 1990. December 2026 ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn líìgì ńlá pé yóò parí, ti líìgì kékeré yóò sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn sáà 2027. Orí tábìlì yìí ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni rántí àwọn ọmọ náà.

Draft tàbí àìsí draft, kì í ṣe ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí àdéhùn kankan kò bá sọ ẹni tí yóò rán ọmọ padà sílé ìwé nígbà tí ẹgbẹ́ bá ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́, orúkọ lásán ni wọ́n ń pààrọ̀. Ẹgbẹ́ tó lówó láti kọ́ akádẹ́mì, láti ra kámẹ́rà tó ń ka yíyí bọ́ọ̀lù, kò lè ní òun kò lówó tí òun fi máa gba olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sílé tó bí ó ṣe jọ. Àwọn òbí tó ń fa ọmọ lé ejẹ́ǹtì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ yìí mọ adùn ìlérí. Àwọn tó dàgbà nínú wọn á rántí pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló mú kí FIFA fi òfin de Nàìjíríà nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 1989. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí òbí tó fọwọ́ síwèé fún ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó bi í léèrè ohun tí yóò ṣe fún ọmọ òun lọ́jọ́ tí kò bá yege, nítorí pé ọjọ́ yẹn ló ń dé bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.