Agbára tí kò ní gbèsè ló ń ba eré jẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Tọ́tọ́ ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Ọ̀rọ̀ káàdì ló mú mi pa á.

Bóyá Àkúrẹ́ ni o, bóyá ìlú Oǹdó ni, kò sí àdúgbò tí ènìyàn kò ti ní bá àwọn tó ń fi Whot najú nírọ̀lẹ́. Ìjà tó sì máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, orí káàdì kan náà ló sábà máa ń dá lé: Whot 20. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ ló láṣẹ láti pe ohun tó wù ú, ìbáà jẹ́ ìràwọ̀ tàbí àgbélébùú. Ilé kan á ní ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ 'pick two', ilé kejì á ní irọ́ ni. Mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Àkúrẹ́ tí ọ̀rẹ́ méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú nítorí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní káàdì náà ti lágbára jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí méjì ni mo sì ní. Èkíní, káàdì 54 tó wà nílẹ̀, ti gbogbo ayé ni. Máàrún ni Whot 20 tó wà nínú rẹ̀, olówó àti tálákà ló sì lè bọ́ sí lọ́wọ́. Èkejì, agbára rẹ̀ ní gbèsè nínú. Bí ẹlòmíràn bá parí tí wọ́n wá ń ka káàdì tó kù lọ́wọ́ ènìyàn, ogún gbáko ni wọn yóò kà sí i lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo eré káàdì mìíràn tí wọ́n ń pè ní Magic: The Gathering, èyí tí iléeṣẹ́ Wizards of the Coast gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ ọdún 1993. Onímọ̀ ìṣirò kan, Richard Garfield, ló hùmọ̀ rẹ̀. Ní tiwọn, oníkálukú ló ń fowó ra káàdì tirẹ̀, inú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa ni káàdì sì wà, ẹni tó rà á kò mọ ohun tó bá pàdé àfi tó bá tú u.

Mẹ́sàn-án nínú àwọn káàdì àkọ́kọ́ náà lágbára kọjá ààlà. Èyí tó ń jẹ́ Time Walk dà bíi 'hold on' tiwa: ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ yóò tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Black Lotus ní tirẹ̀ ń fún ènìyàn ní agbára ìlọ́po mẹ́ta láìgba kọ́bọ̀, kò sì ní gbèsè kankan. Èrò àwọn tó ṣe é ni pé bí káàdì bá ti ṣọ̀wọ́n, kò ní lè ṣèpalára, nítorí wọn kò rò pé ẹnì kan yóò máa ra páálí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Olówó ra páálí, ó ra agbára, ó sì ń borí kí ẹnìkejì tó jókòó dáadáa.

Ṣùgbọ́n ohun kan wu mí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọn kò bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n ṣòfin pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré nínú irú káàdì bẹ́ẹ̀ lẹnikẹ́ni lè mú wọ ìdíje. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n yọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kúrò nínú ẹ̀dà tuntun tí wọ́n tẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ wá di ọ̀wọ́n gógó. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, wọ́n ta ẹyọ Black Lotus kan ní ohun tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ni ó kàn. Ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù lónìí, agbára ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá lówó yóò máa fìdí rẹmi, bó bá sì ní ìwọra, owó tó wà ní báńkì ìyá rẹ̀ ni yóò nawọ́ sí. Ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni pé owó ló ń borí, kì í ṣe làákàyè.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nídìí ọpọ́n ayò. Ọmọ ayò 24 ni ọ̀ta, 24 náà ni ọ̀pẹ̀. Ọba ìbáà jókòó tì í, iye rẹ̀ kò ní lé.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí á bi àwọn ọmọ wa léèrè ohun tí eré wọn ń tà, kí á má sì jẹ́ kí wọ́n mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń gbowó ní báńkì. Kí á tún fà wọ́n mọ́ra nídìí ayò àti Whot. Ṣùgbọ́n kí á tó pín káàdì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí Whot 20 lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Òfin tí a bá sọ ṣáájú eré kì í dá ìjà sílẹ̀.