Ẹ Má Tíì Pa Lẹ́jà Tì

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tí ẹ ní ilé-ìwòsàn ní Ring Road, ẹ̀yin onílé-ẹ̀kọ́ Bódìjà, ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Dùgbẹ̀ àti Challenge, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ta sọ́fíwíà tuntun fún yín, tó ní kí ẹ kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín sínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má gbà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni, ẹ má tíì da omi àmù nù. Ẹ má ta lẹ́jà fún alákàrà.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí mo wà pa ìwé tì lọ́jọ́ tí sọ́fíwíà dé. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, owó ìyá àgbà méjì ti di òdo, gbèsè tí ẹlòmíràn ti san tán tún yọjú. Ọmọkùnrin tó gbé sọ́fíwíà náà wá kò gbé fóònù mọ́. Káàdì ìdáwó tí àwọn ìyá náà tọ́jú sábẹ́ àpótí aṣọ ló yọ wá.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àjọ ńlá náà. Ní 2025, JAMB ṣe àtúnṣe sí sọ́fíwíà ìdánwò UTME. Àtúnṣe náà dé àwọn sẹ́fà kan, kò dé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Èsì jáde, ariwo ta, kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibùdó 157 ló kàn. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà àjọ náà, sunkún ní gbangba lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni kò dé ibi tó yẹ, kò sì sẹ́ni tó rí i kí èsì tó jáde. Lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí àwọn báǹkì bíi Sterling, Zenith àti GTBank pààrọ̀ sọ́fíwíà wọn, ẹ rántí bí owó yín ṣe wà níbẹ̀ tí ẹ kò rí i ná.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ tún wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ́fíwíà Horizon ti Post Office ń ka owó tí kò sọnù sí owó tó sọnù. Láàárín 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi nítorí ohun tó wí. Nítorí náà, kí ẹ tó mú akọ̀wé owó yín lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ní Ìyágankú, ẹ kọ́kọ́ fi ìwé wé kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí ìwé àti kọ̀ǹpútà jọ máa rìn fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ máa fi wọ́n wéra ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kan síta ọgbà, nítorí iná àti olè. Kí páásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ẹni méjì tó jẹ́ tiyín, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó tà á nìkan.

Lónìí, kí ẹ tó tilẹ̀kùn, ẹ bi ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà yín: bí ẹ̀rọ yìí bá kú lálẹ́ yìí, níbo la ó ti rí orúkọ àti owó àwọn ènìyàn lọ́la? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ ṣí lẹ́jà padà láàárọ̀ ọ̀la.