Ẹ̀rọ Orin Kì í Ṣe Bàtà Tuntun

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin tó yẹ ká bá wọn yanjú. Ẹ ra sípíkà tuntun, ẹ gbé e délé, ẹ tan án, ohùn rẹ̀ dà bí ti agolo òfìfo. Ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á. Kí ni yóò wí? "Bọ̀dá mi, ẹ fara balẹ̀. Tuntun ni. Ẹ jẹ́ kó kọrin fún wákàtí 100 ná, ohùn rẹ̀ á là." Ẹlòmíràn á ní 200. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa wáyà lásán!

Èmi ní irọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju òótọ́ lọ, owó wa ni irọ́ náà sì ń jẹ.

N ò ní sẹ́ òótọ́ tó wà níbẹ̀. Sípíkà tí à ń lò lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí Rice àti Kellogg gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1925. Páálí tó rí bí àrọ ni, wáyà tín-ínrín tí a ká wà nídìí rẹ̀ láàárín irin òòfà. Bí iná bá ti ń gba inú wáyà kọjá, òòfà á máa tì í síwá sẹ́yìn, páálí á sì máa gbọn afẹ́fẹ́. Rọ́bà tó yí etí páálí ká àti aṣọ líle tó wà nídìí rẹ̀ ló ń fà á padà sí àyè rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí a máa rọ̀ díẹ̀ bí a bá ń lò wọ́n. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n, ó sì hàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: èyí tó pọ̀ jù nínú rírọ̀ náà ti parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí mélòó kan. Kò lè sọ igbe di orin.

Wáyà ńkọ́? Bàbà ni, kò sí ohun tó ń mira nínú rẹ̀. Wáyà tó gbé iná wọlé yín, ṣé gílóòbù máa ń mọ́lẹ̀ sí i lẹ́yìn wákàtí 100?

Wọ́n á ní, "Ṣebí ẹ́ńjìnnì mọ́tò tuntun náà, a kì í fi sáré àsápajúdé níbẹ̀rẹ̀? Ṣebí bàtà tuntun a máa ta ni lẹ́sẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ń ha irin títí wọn ó fi bára mu. Nínú sípíkà, bí nǹkan bá ti ń ha nǹkan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn!

"Ṣùgbọ́n etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ!" Mo gbà. Etí yín náà ló yí padà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ẹ̀gbẹ́ ilé tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké kò ní fojú kan oorun lóru ọjọ́ kìíní. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, á máa hanrun. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ló là ni? Ta ló sì lè rántí bí ohùn kan ṣe rí gan-an ní oṣù tó kọjá, débi tí yóò fi gbé e wé tòní?

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó dán an wò. Méjì méjì ni sípíkà ń wá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan kọrin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí èkejì wà nínú páálí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú yín, kí ẹlòmíràn máa fi orin kan náà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú kan náà, kí ariwo wọn dọ́gba. Ẹ dárúkọ èyí tó ti "là" lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ká wá wo iye tí ẹ gbà.

Kí ló wá dé tí òǹtajà fi fẹ́ràn wákàtí 100? Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ orin fún wákàtí méjì lójúmọ́ yóò lo 50 ọjọ́. Nígbà yẹn, rìsíìtì ti gbó, òǹtajà á ní, "Ọjọ́ ti lọ jù." Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá ohun tí a torí rẹ̀ rà á mu padà, ká gba owó wa, ṣùgbọ́n láàárín àsìkò tó bọ́gbọ́n mu ni. Àsìkò náà gan-an ni wọ́n ń fi "ẹ fara balẹ̀" jẹ mọ́ wa lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ mú orin tí ẹ mọ̀ dunjú lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbọ́ ọ nílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lókè, kí owó tó kúrò lápò yín. Bí ẹ bá sì gbé e délé tí kò dára, ọjọ́ kejì ni kí ẹ gbé e padà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.