ÌLERA ÌDÍLÉ: Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún

Ìyá kan nínú ìjọ wa mú ìbéèrè wá. Àbúrò rẹ̀ wà ní Faransé. Hépatite C ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, àwọn dókítà sì ti fi ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní plaquettes rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù ń ba ìyá wa pé ara ti kọ ẹ̀dọ̀ tuntun náà, ó sì fẹ́ fi àgbo ránṣẹ́.

Plaquettes ni àwọn ohun tíntìntín inú ẹ̀jẹ̀ tí ń dí ojú ọgbẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa ṣàn ṣáá. Ẹni tí ara rẹ̀ le a máa ní 150.000 sí 400.000 nínú millimètre cube ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kí ó ṣe wọ́n. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti gan, iṣẹ́ náà kì í dé dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá a sì ṣẹ́rí padà sí ẹran kan lábẹ́ ìhà òsì, tí elédè Faransé ń pè ní rate. A wú, a sì há plaquettes mọ́ inú. Ẹ̀dọ̀ tuntun ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n rate kì í fọn ní ọjọ́ kan.

Nítorí náà, kí plaquettes wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní kò tó láti sọ pé ara ti kọ ẹ̀dọ̀. Ó wọ́pọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà a tún máa gòkè ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bí kò bá gòkè, àwọn dókítà a wádìí: ṣé àrùn mìíràn ni, tàbí oògùn kan? Bí ó bá jẹ́ oògùn, wọn a dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọn kì í sáré fa plaquettes ẹlòmíràn sí i lára bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dà, tí kò sì sí iṣẹ́ abẹ, nítorí pé ọjọ́ mélòó kan péré ni ó ń lò lára.

Hépatite náà ńkọ́? Pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ kò lé e jáde. Bí kòkòrò rẹ̀ bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, a tún mú ẹ̀dọ̀ tuntun. Tẹ́lẹ̀ rí, abẹ́rẹ́ interféron ni wọ́n fi ń wò ó, òun fúnra rẹ̀ a sì máa dín plaquettes kù. Láti 2014 ni oògùn oníhóró ti wà ní Yúróòpù, tí a ń lò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Ó ń wo ju ènìyàn 90 sàn nínú 100, títí kan àwọn tí a pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún.

Ti àgbo yìí, ẹ dákun, ẹ má fi ránṣẹ́. Àwa kò kẹ́gàn ewé àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n aláìsàn yìí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Ewé mìíràn a sọ ọ́ di aláìlágbára, òmíràn a sọ ọ́ di májèlé. Aspirine pẹ̀lú, kí ó má lò ó bí dókítà rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ó fi máa fọ eyín. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ó bá bì ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.

Àwa tí a wà nílé ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò gún rí, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Hépatite B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, C kò ní. Bí ẹ bá sì ń lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ mú abẹ tiyín lọ́wọ́.